Ẹ̀rọ Tí A Rà fún Àwọn Òbí Wa: Ta Ni A Rà Á Fún?

Ọ̀rọ̀ kan ti ń lọ lábẹ́lẹ̀ láàárín wa láti ìgbà díẹ̀ wá, a sì rí i pé ó tó ohun tí a ń jókòó sọ. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó, ní Àbújá, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà ń fi oríṣiríṣi ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí àwọn òbí tó kù síhìn-ín. Wọ́n ń fi fóònù olójú gbọọrọ ránṣẹ́, wọ́n ń fi aago ọwọ́ tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù ránṣẹ́, wọ́n ń fi ẹ̀rọ tí a fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru ránṣẹ́, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń ní kí wọ́n kan kámẹ́rà mọ́ igun pálọ̀ kí wọ́n lè máa wo ilé láti òkè òkun. A kò ní í bú ẹni tó rántí òbí rẹ̀. Ìbéèrè kan péré la ní: nígbà tí ẹ̀rọ bá wọ ilé àgbàlagbà, ta ni ó wá ṣiṣẹ́ fún?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ rántí àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Rélùwéè tó so Port Harcourt mọ́ Enugu ní 1916, èbúté, ilé iṣẹ́ ìfọpo tó bẹ̀rẹ̀ ní Alesa-Eleme ní 1965, àti ọjà tí ń tẹ̀lé iṣẹ́ lẹ́yìn, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló fa àwọn òbí wa wá sí ìlú yìí. Ẹni tó dé ní ọmọ ogún ọdún ti di ẹni ọgọ́rin ọdún. Nílé lọ́hùn-ún, nínú agbo ilé ní Ọ̀fà tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, àgbàlagbà kì í dá wà. Bí ó bá wúkọ́ lóru, ẹnìkan á béèrè pé kí ló dé. Bí kò bá jáde sí ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀, ìyàwó ilé kan á lọ kan ilẹ̀kùn. Agbo ilé gan-an ni ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ àgbà, kò kàn sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ ni. Àwa kò sì gbé agbo ilé rù wá síbí. Yàrá méjì ní Diobu, àwọn ayálégbé tí wọ́n ń kó wọlé tí wọ́n ń kó jáde lọ́dọọdún, àwọn ọmọ tó ti bá iṣẹ́ lọ: bí ọ̀pọ̀ àwọn àgbà wa ṣe ń gbé nìyẹn.

Bí eékún bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í dun ni, ibi mẹ́ta ni àtìpó lè forí lé. Ó lè padà sílé. Ṣùgbọ́n ilé tí ó ti fi sílẹ̀ láti àádọ́ta ọdún kì í ṣe ilé tó mọ̀ mọ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ, àwọn ọmọdé ibẹ̀ ń bi í pé ta ni Bàbá yìí. Ó lè tẹ̀lé ọmọ, kí ó lọ jókòó sínú fúláàtì kan ní Èkó láti àárọ̀ di alẹ́, tí wọ́n á ti géètì pa kí olè má baà wọlé. Tàbí kí ó dúró síbi tó wà, níbi tí ó ti lè fẹsẹ̀ rìn dé mọ́ṣáláṣí, tí àwọn oníbàárà rẹ̀ mọ̀ ọ́n lórúkọ, tí sàréè ọkọ tàbí aya rẹ̀ sì wà. Ọ̀pọ̀ ló ń yan ẹ̀kẹta yìí, àwọn ọmọ á sì máa pariwo pé orí kunkun ni. Àwa kò gbà pé orí kunkun ni.

Òwe wa ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo òkété náà dáadáa: ẹnu ara rẹ̀ ló fi ń mu ún.

Àwọn òyìnbó máa ń sọ nípa àgbàlagbà pé kí ó dá dúró, kí ó má gbára lé ẹnikẹ́ni. Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ yìí wọlé bẹ́ẹ̀, kò ní í bá wa lára mu, nítorí ẹni tó dá wà ni à ń káàánú ní ilẹ̀ wa, a kì í yìn ín. Ohun tí àwọn àgbà wa ń sọ bí a bá fara balẹ̀ gbọ́ wọn kì í ṣe pé kí a fi àwọn sílẹ̀. Wọ́n ń sọ pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àwọn dé ibi tí ẹlòmíràn yóò ti máa wẹ̀ fún àwọn. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún lóòjọ́ ni à ń kírun, kí a tó kírun a ó ṣe àlùwàlá, kí a tó ṣe àlùwàlá a ó ti lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí á sì fi omi wẹ ara mọ́. Ẹni tí kò lè dá bẹ̀rẹ̀ mọ́, tí kò lè dá dìde, yóò máa ké sí ènìyàn nígbà gbogbo ìwọ̀nyí. Ìyá tó bí ọmọ mẹ́fà tó sì wẹ gbogbo wọn, tí kò wá fẹ́ kí èyíkéyìí nínú wọn rí ìhòòhò òun, kò gbéraga. Ìtìjú rẹ̀ wà lára ẹ̀sìn rẹ̀.

Ẹ̀sìn fúnra rẹ̀ fi àyè sílẹ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò lè dúró kírun á jókòó kí i. Nínú àyè yìí la ti rí ẹ̀rọ kan tí kò sẹ́ni tó ń kà á sí ẹ̀rọ: àga oníke tí à ń tò sí ìpẹ̀kun ìlà nínú mọ́ṣáláṣí. Ẹ ronú sí ohun tí àga yìí ṣe. Àwọn àgbà kan wà tí wọ́n ti ń dá kírun nínú yàrá nítorí pé bí wọ́n bá forí kanlẹ̀, ẹni méjì ló ń gbé wọn dìde, ojú sì ń tì wọ́n. Àga dé, wọ́n padà sáàárín ìjọ. Kò gba iná mànàmáná, kò gba káàdì, wọn kò sì tọrọ àyè lọ́wọ́ ọmọ kankan kí wọ́n tó jókòó lé e. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí a fi ohun kan wọn gbogbo ẹ̀rọ tí wọ́n ń rà fún àgbàlagbà, àga yìí la ó fi wọ̀n ọ́n. Ṣé ó dá ohun tó ń bọ́ lọ́wọ́ àgbà padà sí i lọ́wọ́, àbí ọwọ́ ẹlòmíràn ló gbé e lé?

Ní ilẹ̀ Japan, níbi tí àwọn àgbàlagbà pọ̀ sí jọjọ, wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan, kodokushi, fún ikú ẹni tó dá kú sílé tí kò sẹ́ni tó tètè mọ̀. Ní 2001 ni ilé iṣẹ́ Zojirushi gbé ìkòkò oníná kan jáde, èyí tí wọ́n fi ń se omi tíì. Wọ́n fi ohun kan sínú rẹ̀ tó jẹ́ pé bí ìyá bá ti bu omi tíì, ìkòkò náà á fi iṣẹ́ ránṣẹ́, ọmọ tó wà ní ìlú mìíràn á sì rí i lórí fóònù rẹ̀ pé ìyá òun ti mu tíì lónìí. Ó tán. Kò rí ojú rẹ̀, kò gbọ́ ohùn rẹ̀, kò mọ ẹni tó wá kí i. Ìyá náà kò kọ́ nǹkan tuntun kankan, tíì tó ti ń mu láti kékeré náà ló ń mu. Bí wọ́n bá bi àwa tí à ń fi búútà ṣe àlùwàlá pé irú èwo ni ìbá bá wa mu, a ó ní búútà ni.

Ẹ̀yin kan nínú wa mọ ìyá wa kan ní Mile 3 tí ọ̀rọ̀ kámẹ́rà dá wàhálà sílẹ̀ láàárín òun àti ọmọ rẹ̀. Ọmọ fẹ́ràn ìyá rẹ̀, kò sí iyèméjì níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n bá òun kan kámẹ́rà sí pálọ̀, ó ń wo ìyá rẹ̀ láti òkè òkun, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ìyá fi bẹ̀rẹ̀ sí í bo orí nínú ilé ara rẹ̀, nítorí kò mọ ẹni tó jókòó ti ọmọ òun lọ́hùn-ún nígbà tó ń wò ó. Ó ń bo orí láti fọ àwo. Ó ń bo orí láti sùn lórí àga. Lọ́jọ́ kan ó da ìró bo kámẹ́rà náà, ọmọ rẹ̀ sì pe gbogbo àdúgbò lórí fóònù pé ìyá òun ti kú. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé iwájú àwọn àgbà, ìyá fúnra rẹ̀ ló mú ọ̀nà mìíràn wá. Ó ní bí òun bá ti kí ìrun Àsùbáà tán, òun á fíláàṣì ọmọ òun: kí fóònù rẹ̀ dún lẹ́ẹ̀kan, kí òun sì pa á. Bí aago méje bá lù tí òun kò tíì fíláàṣì, kí ó pe òun. Bí òun kò bá gbé e, kí ó pe ẹni tó wà nítòsí. Wọ́n yọ kámẹ́rà.

Àwa kò tíì rí ẹ̀rọ tó dára ju èyí lọ. Láti ìgbà tí fóònù alágbèéká ti tàn ká ilẹ̀ wa lẹ́yìn 2001 ni àwọn ènìyàn wa ti mọ fíláàṣì. Kò ná ìyá náà ní kọ́bọ̀. Fóònù kékeré olóòtẹ̀ ló ń lò, irú Nokia 1100 tó jáde ní 2003, èyí tí iná tọ́ọ̀ṣì wà lórí rẹ̀ tí bátìrì rẹ̀ sì ń lo ọjọ́ púpọ̀. Wọn kò ṣe fóònù yẹn nítorí arúgbó, síbẹ̀ ó bá arúgbó mu ju ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ṣe nítorí wọn lọ. Ohun tó wù wá jù ni pé ọwọ́ ìyá ni àmì náà ti ń jáde. Kámẹ́rà ń sọ gbogbo nǹkan nípa rẹ̀ láìbi í. Fíláàṣì ń sọ ẹyọ ohun kan, pé mo jí, mo ti kírun, òun ló sì ń sọ ọ́.

Ibi tí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ti ń ṣìnà náà nìyí, wọn kì í bi àgbàlagbà. Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan wà, Patricia Moore, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Raymond Loewy ní New York, níbi tí wọ́n ti ń ya àwòrán ohun èlò kí wọ́n tó ṣe é. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìlẹ̀kùn fìríìjì, ó béèrè bóyá ẹni tí oríkèé ara ń dùn lè ṣí i. Wọ́n dá a lóhùn pé àwọn kì í ṣe nǹkan nítorí irú àwọn bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún 26 ni nígbà tó para dà di arúgbó ní 1979. Ó wọ irun funfun, ó fi gíláàsì tó ń ṣú ojú sójú, ó dí etí, ó di ẹsẹ̀ kí ó má lè nà tán, ó sì rìn bẹ́ẹ̀ títí di 1982, ní ìlú tó ju ọgọ́rùn-ún lọ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ó rí bí bọ́ọ̀sì ṣe ga jù, bí ilẹ̀kùn ṣe wúwo jù, bí àwọn ọlọ́jà ṣe ń fojú pa á rẹ́. Iṣẹ́ ńlá ló ṣe, a kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbà wá láàyè kí a sọ pé ní tiwa, kò yẹ kí ọ̀dọ́ máa di ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kí ó tó mọ ohun tí eékún ń ṣe arúgbó, nígbà tí arúgbó wà nílé tí a lè bi.

Bí ẹ bá bi wọ́n, baluwẹ̀ ni wọ́n ó kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2021 pé nǹkan bí 684,000 ènìyàn ni ìṣubú ń pa lọ́dún kan káàkiri ayé, àwọn tó ti ju ọgọ́ta ọdún lọ ló sì ń kú jù nínú wọn. Òjò Port Harcourt ju mìlímítà 2,000 lọ lọ́dún, ilẹ̀ wa kì í gbẹ tán, táìsì tí a fi ṣe ẹ̀ṣọ́ sí baluwẹ̀ ń yọ̀ bí ilá. Síbẹ̀ ọmọ tó fi aago olówó gọbọi ránṣẹ́ kò fi owó irin ránṣẹ́. Wẹ́dà kò wọ́n ní ìlú yìí, kò sí àdúgbò tí a kò ti lè rí wọn. Páìpù irin kan tí ọwọ́ lè dì mú, tí ó gùn tó apá méjì, tí a kàn mọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ń jókòó sí, tí a sì fi ọ̀dà kùn kí ó má baà dógùn-ún. Ẹ kíyè sí èyí o: blọ́ọ̀kù oníhò kì í di ìṣó mú. Bí a bá fi ìṣó lásán kàn án, ọjọ́ tí ìyá bá fi gbogbo ara fà á ni yóò yọ. Kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ irin náà kalẹ̀ sínú kọnkéré, tàbí kí wọ́n fi bóòtù gún ògiri já kí wọ́n sì fi irin pẹlẹbẹ há a mọ́ ẹ̀yìn. Kí wọ́n tó gé irin, kí ìyá fúnra rẹ̀ jókòó, kí ó na ọwọ́, kí wẹ́dà fi ẹfun sàmì síbi tí ọwọ́ rẹ̀ bá dé. Ọwọ́ wẹ́dà kì í ṣe ọwọ́ ìyá.

Ọ̀rọ̀ owó ló tẹ̀ lé e. Àgbàlagbà tí owó rẹ̀ kò sí níkàáwọ́ rẹ̀ ti di ọmọdé lójú ara rẹ̀. Nígbà kan, àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì máa ń rin ìrìn àjò kí wọ́n tó lè fi ara hàn pé àwọn ṣì wà láàyè, wọn a sì tò sínú oòrùn, àwọn mìíràn pẹ̀lú ọ̀pá. PTAD, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2013 fún àwọn tó wà lábẹ́ ètò owó ìfẹ̀yìntì àtijọ́, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àtijọ́ wà lára wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í dán ètò kan wò ní 2021 tí wọ́n ń pè ní “I Am Alive”. Nípasẹ̀ rẹ̀, ènìyàn lè fi fóònù tàbí kọ̀ǹpútà fi ojú ara rẹ̀ hàn láti ilé. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n fóònù tó ní kámẹ́rà àti íntánẹ́ẹ̀tì ló gbà, ọwọ́ ọmọ-ọmọ ni irú fóònù bẹ́ẹ̀ sì sábà máa ń wà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: kí ọmọ bá Bàbá ṣe é, kí Bàbá jókòó tì í, kí ó rí i, kí ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ibi tí a ti ń ṣọ́ra ni nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì báǹkì. A mọ ilé méjì tó jẹ́ pé láti orí “Bàbá, ẹ mú un wá kí n bá yín tẹ̀ ẹ́” ni owó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Báǹkì ni yóò tún ẹ̀rọ ara rẹ̀ ṣe kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi kí ó sì ní sùúrù, nítorí ẹ̀rọ tó ń lé àgbàlagbà kúrò lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló ń tì í sọ́wọ́ àwọn tí yóò rẹ́ ẹ jẹ.

Àwọn ẹbí wa tó wà ní Bírítéènì yóò sọ fún wa nípa bọ́tìnnì tí àwọn arúgbó ibẹ̀ ń fi kọ́rùn. Bí wọ́n bá ṣubú, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, ohùn ènìyàn á sì dáhùn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹ̀rọ yìí ti ń gba ẹ̀mí là. Wáyà tẹlifóònù àtijọ́ ló ń lò, wáyà yẹn sì ń gbé iná ara rẹ̀ wá, tí ó fi jẹ́ pé bí iná ilé bá tilẹ̀ lọ, ó ń ṣiṣẹ́. Wọ́n wá ń pààrọ̀ àwọn wáyà náà, wọ́n sì sún ìparí rẹ̀ sí oṣù kìíní 2027. Tuntun ń gbára lé iná ilé. Ní 2023, lẹ́yìn tí bọ́tìnnì àwọn kan kọ̀ láti ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n nílò rẹ̀, ìjọba àti àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ní láti fẹnu kò lórí bí wọn yóò ṣe dáàbò bo irú àwọn bẹ́ẹ̀. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ níbi tí iná kì í ti í lọ, kí ni ká sọ nípa tiwa, tí a ṣì ń pe àwọn oníná ní NEPA bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ti yí padà lẹ́ẹ̀mejì? Ẹ̀rọ tí yóò kú bí iná bá lọ, kí ẹnikẹ́ni má fi arúgbó tì í.

Àwọn kan nínú wa ń sọ pé gbogbo ẹ̀rọ yìí ń jẹ́ kí ọmọ ya ọ̀lẹ ni, pé bí ọmọ bá ti rí àmì lórí fóònù, kò ní í wá mọ́. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣe é dà nù. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò ní í wá, kò ní í wá náà bí a bá fọ́ gbogbo ẹ̀rọ. Èyí tó le jù fún wa ni ti ìgbàgbé. Ìyá tó ń gbé ìkòkò ka iná gáàsì tó sì ń gbàgbé, ṣé a ó ní ọwọ́ rẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀, kí á máa wò ó kí ilé fi jó? Rárá. A ó gba gáàsì lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì dùn ún. Ohun tí a rò ni pé kí a ti bi í ṣáájú, nígbà tí orí rẹ̀ ṣì pé, pé bí ọjọ́ bẹ́ẹ̀ bá dé, kí ni kí a kọ́kọ́ gbà, ta ni kí ó gbà á, kí sì ni kí a má fọwọ́ kàn. Ọ̀rọ̀ tí kò dùn láti sọ ni, a mọ̀. Àwọn ọmọ rò pé bí àwọn bá béèrè, á dà bí ẹni pé àwọn ń retí ikú. Síbẹ̀ àwọn àgbà tí a bi kò bínú, ìdáhùn ti wà lẹ́nu wọn tipẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́. Fíláàṣì tàbí bọ́tìnnì, èyíkéyìí tí kò bá dún láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹnìkan gbọ́dọ̀ lè ṣí ilẹ̀kùn. Ẹgbẹ́ wa ní ìwé tí a kọ àwọn tó san owó oṣù sí, a kò ní ìwé tí a kọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí. A ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀, àwọn àgbà fúnra wọn ni yóò sì yan ẹni tí wọn fẹ́, kì í ṣe àwọn ọmọ. Ìyá wa ti Mile 3 ti yan tirẹ̀. Kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, kì í tilẹ̀ ṣe Yorùbá. Ọmọ Ikwerre ni, ó ń sun bọ̀ọ̀lì lẹ́nu ọ̀nà wọn, ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ. Ìyá ní òun yàn án nítorí pé ní gbogbo àdúgbò náà, òun àti obìnrin yẹn ló máa ń kọ́kọ́ jí.